Yìnyín Abẹ́ Òkun àti Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ tí kò fi ìbéèrè kan náà tẹ̀lé e: "Ráfíátù, ṣé òótọ́ ni pé yìnyín kan wà lábẹ́ òkun tó ń jó bí epo?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò fojú rí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Ráfíátù gbé e lọ́wọ́, ó purọ́ mọ́ mi. Ohun tí mo rí ni ìlà dúdú kan lójú ẹ̀rọ, àti ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni mo rí jù, nítorí náà ẹ̀rù ni n ó sọ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ojo ni mí. Bí mo bá gun sémíjàn láti Bantè lọ sí Akpassi, gbogbo súrà tí mo mọ̀ ni n ó ti kà tán kí alùpùpù náà tó dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìmọ̀ ilẹ̀ ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Savalou mọ̀ pé bí ààrá bá sán, tíṣà wọn ni yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé. Kí ló wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ojú agbami? Ìmọ̀ tí mò ń wá ni, àti èdè Mahi.

Àwọn onímọ̀ kan láti òkè àríwá Yúróòpù ń wá ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀, tó sì lè bá àwọn apẹja ará orílẹ̀-èdè Benin wa tó ń gbé ní Kóńgò sọ̀rọ̀. Mo kọ̀wé sí wọn pé Bantè ni wọ́n bí mi sí, pé Savalou ni mo gbé dàgbà, mo sì gbọ́ Mahi, èdè ibẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó gbọ́ Mahi ti gbọ́ gbogbo èdè etíkun. Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́. Ó dà bí ará Bantè tó ń gbọ́ Yorùbá orí rédíò Nàìjíríà: ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ na etí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi kí n tó lọ. Nísàlẹ̀ òkun jíjìn, ẹrẹ̀ wà. Ohun tó ti kú tó sì jẹrà nínú ẹrẹ̀ náà ń tú gáàsì sílẹ̀. Òtútù ibẹ̀ àti ìwúwo omi tó wà lókè á wá fún gáàsì náà pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi di yìnyín. Bí wọ́n bá gbé e wá sókè tí wọ́n ṣáná sí i, yóò jó. Àwọn kan fẹ́ ẹ fún iná ìdáná. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, pé bí òkun bá ń gbóná sí i, yìnyín náà lè yọ́, kí ilẹ̀ abẹ́ òkun ya, kí gáàsì sì tú sójú ọ̀run. Àwọn tí mo bá lọ kàn fẹ́ mọ ibi tó wà àti bó ṣe nípọn tó ni. Wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ wọn ń fa ìbọn afẹ́fẹ́ kiri nínú omi. Ìbọn á dún, ìró rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, á sì padà bọ̀, okùn gígùn kan tó kún fún etí á wá gbọ́ ọ.

Ìyá mi ní, "Bí a ṣe ń gbá àgbá lára láti mọ ibi tí omi rẹ̀ dé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó ní, "Ta ló wá ń gbé inú àgbá ọ̀hún?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Wọ́n sọ mí di Popo

Afẹ́fẹ́ Pointe-Noire, ìlú èbúté ní Kóńgò, wúwo bí aṣọ tí a kò fún gbẹ. Mo sọ̀ kalẹ̀, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, òórùn epo àti ẹja gbígbẹ sì jọ pàdé mi. Ọlọ́pàá tó gba ìwé ìrìnnà mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Áà, Popo."

Mo ní, "Rárá o, Isha ni mí, ẹ̀yà Yorùbá. Ìlú mi jìnnà sí òkun. Iṣu ni a ń gbìn, kajú ni a ń ṣà. N kò fọwọ́ kan àwọ̀n rí láyé mi."

Ó lu ìwé náà ní òǹtẹ̀. "Popo," ó ní, ó sì kí mi káàbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ wa wá, Popo ni, nítorí pé àwọn apẹja láti etíkun wa ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wọn àgbà. Onítakisí pè mí ní Popo. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ pè mí ní Mamá Popo, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà tó láti pè mí ní àbúrò, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ni mamá lọ́dọ̀ wọn. Mo béèrè iṣu, ó gbé gbágùúdá tí wọ́n fi ewé dì fún mi, ó le, ó sì kan díẹ̀. Ó bu ewé gbágùúdá tí wọ́n gún, tí wọ́n fi epo pupa àti ẹja sè, lé e lórí. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń jẹ ẹ́, iyán Savalou ló wà lọ́kàn mi, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tó ń jẹun níta nígbà tí ilé ń dúró dè é.

Ọjọ́ kejì ni mo pàdé olórí àwọn onímọ̀ náà. Elin ni orúkọ rẹ̀, obìnrin gíga tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa pe òun ní Elin lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó tó bí mi! Màdáàmù Elin ni mo ń pè é títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àpárá ni.

Abọ́ omi

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú mi wá kọ́kọ́ jẹ́ ti orí ilẹ̀. Okùn elétí tí ọkọ̀ ń fà gùn ju ìlú Bantè lọ láti òpin dé òpin. Bí àwọ̀n apẹja bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, wàhálà dé, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì, kò sì lè ṣẹ́rí bí alùpùpù. Nítorí náà a ní láti lọ bẹ àwọn Popo pé kí wọ́n má ṣe dẹ àwọ̀n sí apá ibẹ̀ títí a ó fi ṣe tán.

Kí a tó lọ, nọ́ọ̀sì ọkọ̀ kìlọ̀ fún wa. Inú rírun kan ti da iṣẹ́ wọn rú rí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mu omi kankan ní ìlú àfi ti inú ìgò tí a kò tíì ṣí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ó ní. Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Mama Afi ni wọ́n mú wa lọ. Òun ló ni àwọn ọkọ̀ pákó tó tóbi jù ní àdúgbò apẹja náà, òun ló ni àwọ̀n wọn, ìdílé púpọ̀ sì ń jẹun lára ẹja tó ń yan. Kọsí, àbúrò rẹ̀, ni olórí àwọn tó ń bá a lọ sójú omi. Ọkùnrin tíńrín ni, tí oòrùn ti gé ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fún wa ní àga. Lẹ́yìn náà ni Mama Afi gbé omi wá nínú abọ́ tánńganran. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì nà án sí wa.

Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, n kò ní láti ṣàlàyé omi àlejò fún yín. Láti Bantè dé Savalou, láti Savalou títí dé etíkun, a kì í bi àlejò ní ìròyìn kó tó mumi. Kí omi tó wọ ọ̀fun, "àlàáfíà ni" ni ìdáhùn sí ohun gbogbo. Ilé lè máa jó lẹ́yìnkùlé, "àlàáfíà ni" ni onílé yóò wí fún ọ, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Màdáàmù Elin gbé ìgò tirẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí i pé òun ní omi. Òun kò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo gba abọ́ náà, mo gbé e dé ètè, omi sì kàn mí létè, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó kọjá eyín. Mo ní ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Mama Afi kò wo ẹnu mi rárá, ọ̀fun mi ló ń wò. Nígbà tí kò rí i kó mira, ó gba abọ́ rẹ̀, ó da omi rẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì jókòó. "Ó dáa," ó ní.

Màdáàmù Elin tẹ́ àwòrán òkun sílẹ̀, ó fi ìka yí apá ibi tí ọkọ̀ yóò gbà ká. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Mahi díẹ̀díẹ̀. Mama Afi mi orí. Kọsí ní, "A ti gbọ́." Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ náà ní àwọn ti gbọ́. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà oúnjẹ wọn ni a ní kí wọ́n yàgò fún.

Nínú takisí, inú Màdáàmù Elin ń dùn. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n o!"

Mo ní, "Màdáàmù, n kò rò pé wọ́n gbà."

"Ṣebí gbogbo wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wò mí, ó ń dúró kí n sọ ìyókù. Ìwà rẹ̀ ni, bó bá bi ọ́ ní nǹkan, yóò dúró de èsì. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀rọ̀ omi náà ń tì mí, mo sì dákẹ́.

Àwọn tí kì í kí ara wọn

Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe gbé mi gun ọkọ̀ ńlá náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe kígbe, kó bi àwọn ará Pointe-Noire, wọ́n gbọ́ ọ.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé ọkùnrin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kí i bí a ti í kíni: ṣé ó jí ire, ṣé ó sùn dáadáa, ará ilé ńkọ́. Ó dúró, ó fara balẹ̀ wò mí, ó ní ṣé kó lọ pe nọ́ọ̀sì wá. Lọ́dọ̀ wọn, gbígbé ìpéǹpéjú sókè ti tó. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé wọn kò bínú sí mi. Wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ yàrá oúnjẹ, èyí sì tù mí nínú, ó jọ ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Wọ́n jẹ ẹja tútù tí wọ́n rẹ sínú ṣúgà àti ọtí kíkan. Wọ́n jẹ wàrà líle kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọṣẹ dúdú, tó ń dùn bí ìrèké. Mo ronú kan wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní wa, omi sì bọ́ lójú mi níwájú búrẹ́dì. Alásè náà rò pé wàrà rẹ̀ ló dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gé tèmi nípọn.

Ìrun kíkí kò rọrùn. Bí ọkọ̀ bá dé òpin ìlà kan nínú àwọn ìlà tí ó ń tọ̀ lójú omi, yóò yí padà gba ìlà mìíràn, ibi tí mo kọjú sí á sì di ẹ̀yìn. Mo bi ẹni tó ń tukọ̀ léèrè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí ìhà Mẹ́kà fún mi kí n tó la ẹnu.

Ìbọn afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Kì í dún bí ìbọn ọdẹ. Bí ẹni tó fi ẹ̀yìn àdá gbá irin lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ni, lẹ́ẹ̀kan, sinmi díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, tọ̀sán-tòru. Àwọn tó kù ń sùn sí i. Èmi ń dùbúlẹ̀, mò ń dúró de èyí tó ń bọ̀, mo sì ń bi ara mi pé kí ló wà nísàlẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ìbéèrè ìyá mi kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kan Màdáàmù Elin pè mí síwájú ẹ̀rọ. Ilẹ̀ abẹ́ òkun hàn níbẹ̀ bí ìgbà tí a gé àlùbọ́sà sí méjì tí a ń wo inú rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìlà dúdú kan wà tí kò tẹ̀lé ìpele kankan. Ojú ilẹ̀ òkun ló ń tẹ̀lé: bó bá gòkè, ìlà á gòkè, bó bá rọ̀, á rọ̀. "Òun nìyẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Yìnyín ló wà lókè ìlà yìí, gáàsì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀." Orí mi wú. Fún ìgbà díẹ̀, n kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ìmọ̀ dùn, ẹ̀yin ará mi.

Ìlà ìkẹyìn

Wọ́n fi ìlà tó ṣe pàtàkì jù sí ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni ìṣàn omi ti ń yọni lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ni Màdáàmù Elin gbà pé yìnyín náà ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ òkun ju ibikíbi lọ, ibi tó lè kọ́kọ́ yọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọrọ ọkọ̀ yìí. Bí ìlà náà bá ti parí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ, àwọn ẹlòmíràn ń dúró dè é.

Wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀ aṣọ́nà lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kékeré tó máa ń ṣíwájú láti lé àwọn apẹja kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá Makaya, ará Kóńgò, ló ń wà á, àgbàlagbà tó ń kọ orin ìjọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí a rí ọkọ̀ pákó kan níwájú. Àwọn ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn fùlùfúlù tó ń gbé àwọ̀n léfòó tò lọ títí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́. Gbọọrọ lójú ọ̀nà wa.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Kọsí ni.

Bàbá Makaya gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo kígbe ní Mahi pé ọkọ̀ ńlá ń bọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kúrò. Kọsí gbé ọwọ́ sókè. "A ti gbọ́! A ti ń lọ!" Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Makaya gba rédíò, ó sọ fún ọkọ̀ ńlá pé wọ́n ti gbà, wọ́n ti ń lọ. Mo gbọ́ ohùn Màdáàmù Elin tó ń dúpẹ́.

Wọn kò lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ gààrí láti inú abọ́ kan. Mo tún kígbe. Ọwọ́ tún gòkè. "A ti gbọ́!" Lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ńlá náà ti kúrò ní kókó dúdú, ó ti di ilé. Mo ti ń gbọ́ ìbọn náà lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Àlàáfíà ni," ìyẹn ni wọ́n ń sọ fún mi. Ilé ń jó lẹ́yìnkùlé.

Mo ní, "Bàbá Makaya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ wọn kí ọwọ́ mi lè tó wọn."

Ó ní, "Mamá Popo, orí rẹ ò pé," ṣùgbọ́n ó sún mọ́ wọn. Ọkọ̀ méjèèjì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọn kò gòkè pọ̀ rí. Mo di irin mú, mo tẹ̀ síwájú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti parẹ́ lórí mi, àfi ẹyọ kan.

"Fòfó Kọsí," mo ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, "òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi mu."

Jíjẹ gààrí dúró. Ó wò mí pẹ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn mú kẹ́ẹ̀gì ofeefee kan, mo sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi kù sí. Ó bu díẹ̀ sínú ike, ó mu níbẹ̀, ó nà án sí mi. Omi náà gbóná, ó ń rùn fún epo bẹntiróòlù. Mo mu ún. Mo gbé àgbọ̀n sókè kó lè rí ọ̀fun mi, mo mu ún tán, mo sì dá ike padà.

"Ẹ ṣé," mo ní. "Kí ni ìròyìn?"

"Ìròyìn kò dára," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì wa ti kú láti ìjẹta. Ìkọ́ ya ọwọ́ èyí tó dùbúlẹ̀ yìí, ó ti wú dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọ̀n tí ẹ ń wò yìí ló dì wá mú, bí kì í bá ṣe òun, ìṣàn omi ì bá ti gbé wa lọ sínú agbami. Ibi tí a wà yìí, a kò wá a, ìṣàn omi ló gbé wa wá."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní ẹ ti ń lọ?"

Kò bínú rárá. "Ìwọ ní kí a lọ. Ẹni tí kò gba omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òun ni n ó sọ fún pé ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́?"

Mo gba rédíò, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màdáàmù Elin. Ó bi Bàbá Makaya bóyá ó lè fa ọkọ̀ pákó náà kúrò. Bàbá Makaya ní òun lè fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú àwọ̀n gígùn bẹ́ẹ̀, tí ẹja ti kún inú rẹ̀. Màdáàmù Elin ní, "Ráfíátù, bí wọ́n bá gé àwọ̀n náà, tí Makaya fà wọ́n jáde, a lè gbìyànjú láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bi wọ́n. Kíákíá."

Mo bi wọ́n. Kọsí yí ojú sí àwọn fùlùfúlù náà. Àwọ̀n Mama Afi ni, gbogbo ilé tó ń jẹun lára rẹ̀ ló so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ, ó mú un dání lásán. "O ti mu omi wa," ó ní. "Bí o bá ní kí a gé e, a ó gé e."

Ẹ̀yin ará mi, n kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ túmọ̀-túmọ̀ ni mo wá ṣe, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé. Màdáàmù Elin ti tọrọ ọkọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣe mí bí ọmọ. Ìlà dúdú tó fi hàn mí, èmi náà fẹ́ mọ ibi tó lọ. Bàbá Makaya di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn.

Rédíò ní, "Ráfíátù? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," mo ní. "Ẹ yí ọkọ̀."

Ìbọn náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Ọkọ̀ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí àgbà bá ń dìde lórí ẹní. Ó gba ọ̀nà jíjìn yí wa ká, okùn rẹ̀ sì tẹ̀lé e nínú omi títí ó fi kọjá.

Wọ́n gbé ẹni tó fara pa lọ bá nọ́ọ̀sì. A dúró ti àwọn yòókù, a bá wọn fa àwọ̀n sókè títí ọwọ́ mi fi bó. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán ni Bàbá Makaya so okùn mọ́ wọn, tó sì fà wọ́n lọ sílé, ó tún ń kọ orin rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bínú

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú àwọn ará ọkọ̀ ńlá náà kí n tó padà sọ́dọ̀ wọn. Nílé wa, ariwo ì bá ti wà níbẹ̀, a ó sì mọ ibi tó parí sí. Lọ́dọ̀ wọn, jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ń na iyọ̀ sí mi, wọ́n ń ní "jọ̀ọ́", kò sì sí ẹni tó wo ojú mi. Alásè nìkan ló gé wàrà fún mi bó ti ń gé e. N kò lè jẹ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ń padà sí èbúté ni Màdáàmù Elin wá jókòó níwájú mi. Ó ní, "Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n kọ̀ láti gé àwọ̀n ni?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò já mi nírọ́.

"Wọn kò kọ̀," mo ní. "Èmi ni mo kọ̀."

Ó dúró de ìyókù, bí ìṣe rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ abọ́ omi náà, láti orí dé ìdí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Nínú takisí," ó ní, "o mọ̀ nígbà náà."

"Mo mọ̀, Màdáàmù."

"Mo ṣì ń bínú," ó ní. Ó sì jókòó tì mí títí a fi rí ilẹ̀.

Bantè

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwòrán ìlà ìkẹyìn náà dé sórí tẹlifóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní Savalou, mo sì gbé e wá sílé ní Bantè láti fi han bàbá mi, tí ó jẹ́ télọ̀, tí kì í gba ohun tí kò fojú rí gbọ́. Ìlà dúdú náà hàn kedere, ó ń gòkè bọ̀, ó ń sún mọ́ ojú ilẹ̀ òkun gẹ́gẹ́ bí Màdáàmù Elin ti wí. Ibi tó ti fẹ́ sún mọ́ ọn jù, ó dáwọ́ dúró. Àlàfo funfun kan wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ní ìhà kejì, ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀. Màdáàmù Elin kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ lè fi ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì fojú dá a, kó sì dí i, kò ní hàn rárá. Ó ní kí ni mo rò.

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi ìka lé àlàfo náà. "Ibí ya," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló ya á?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n dárúkọ àwọn márààrún, mo dárúkọ wọn, títí kan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wú.

"Ṣé wọ́n dé ilé?"

"Wọ́n dé ilé. Àwọ̀n wọn náà dé."

Ó wo ìwé náà pẹ́, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n bá gbé wá fún àtúnṣe. "Kò ya nígbà náà," ó ní. "Àyè ẹsẹ̀ ni. A máa ń fi í sílẹ̀ láìrán lára jalábíà kí ènìyàn lè rìn."

Ó yí padà sídìí maṣíìnì rẹ̀. Mo kọ̀wé sí Màdáàmù Elin pé kí wọ́n má dí i.